Ó Ku Oyèníran

Ìṣẹ́gun, 2 Júùnù 1998

Òjò ti ń rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sì dá títí tí mo fi kúrò nílé. Omi tún ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá Oyèníran jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Páànù tó wà lókè ibẹ̀ ti lu, a kò sì lè wọlé lọ gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀. Àgádágodo tí ẹ̀gbọ́n mi fi ti yàrá náà láàárọ̀ ọjọ́ tó jáde lọ síbi iṣẹ́ ní 1993 ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, òun ló sì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ. Ọjọ́ náà ni wọ́n kó gbogbo wọn nílé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, nítorí ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ lásìkò rògbòdìyàn ìbò. A kò tíì gbúròó rẹ̀ títí dòní.

Bàbá mú òòlù jáde. Ìyá dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó lọ fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà.

"Bàbá Oyèníran, ẹ gbé òòlù yín padà. Ẹni tó tì í ni yóò ṣí i."

"Ṣé kí ilé wó lé wa lórí ni?"

"Kó wó."

Bàbá gbé òòlù padà. Èmi ni mo fi àkísà nu omi náà kí n tó lọ.

Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá, níbi tí a ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn oníbàárà, Mátíróònù Lucy tó ni ilé ìgbẹ̀bí ní Ìgándò ti jókòó dè wá, inú ń bí i. "Ẹ̀rọ yín tún ti há o. Tí a bá ti ní ká pa á lálẹ́, ó di kó há. Tó bá di àárọ̀, káàdì aláboyún kan tàbí méjì á ti sọnù. Ṣé kí n padà sídìí bírò mi ni?" Ọ̀gá Zacchaeus bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tó lọ tán, Ọ̀gá kọjú sí mi, ó ní kí n wá ibi tó ti ń há kí Júláì tó parí. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ètò náà kí n tó wá bá a ṣiṣẹ́.

Àlàmísì, 4 Júùnù

Mo ti rí i.

Òwú mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú ètò náà; òwú là ń pe ẹ̀ka ètò tó ń dá ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀kan ń gba ohun tí nọ́ọ̀sì bá tẹ̀, èkejì ń kọ ọ́ sínú àpótí káàdì nínú ẹ̀rọ, ẹ̀kẹta ń tẹ káàdì jáde sórí ìwé. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló wà fún àpótí náà. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ á kọ́kọ́ mú kọ́kọ́rọ́, á ṣe tirẹ̀, á sì dá a padà fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kí ètò má baà pẹ́ kó tó kú, Ọ̀gá kọ ọ́ pé bí nọ́ọ̀sì bá ti tẹ "Jáde", kí wọ́n pa gbogbo òwú lójú ẹsẹ̀. Bí ikú yẹn bá bá èkejì nínú àpótí, káàdì á wà ní àbọ̀, kọ́kọ́rọ́ á sì bá a lọ. Àwọn tó kù á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa retí rẹ̀.

Mo sọ fún Ọ̀gá. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ìdíátù, òwú lásán! Pa á jàre, kí olúkúlùkù máa lọ sílé. Ta ló ń bẹ òwú?"

"Ọ̀gá, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ pa á."

Mo jáde lọ ra píọ́ wọ́tà, mo sì dúró lábẹ́ agboòrùn alágbàdo títí ojú mi fi gbẹ. N kò lè kọ nǹkan kan mọ́ lónìí.

Ìṣẹ́gun, 9 Júùnù

Olórí ìjọba kú lánàá. Àwọn èèyàn ń jó ní Ìkọ̀tún, awakọ̀ ń fọn fèrè kiri. Ìyá kò jó. Ó gbá iwájú ilé, ó ní kí n bá òun ra bátìrì rédíò bọ̀. Bátìrì ti gbówó lórí bí gbogbo nǹkan, ó sì ní kí n ra èyí tó dáa.

"Wọ́n á tú wọn sílẹ̀ báyìí, àbí?" ló bi mí.

Mo ní, "Àṣẹ Ọlọ́run ni, Ìyá."

Ó ti ń lọ aṣọ Oyèníran tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kí n tó parí ọ̀rọ̀. Ẹ̀wù kan péré ni, tó wà lórí okùn lọ́jọ́ tí wọ́n mú un.

Jímọ̀, 12 Júùnù

A kò lọ síbi iṣẹ́. Mo jókòó ti ìwé tí Ọ̀gá yá mi. Láti èṣí ni mo ti kọ "so pọ̀" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ òyìnbó náà, join, mo sì gbà pé dídi àwọn òwú mọ́ra wọn ni, kí wọ́n lè kú pọ̀. Irọ́ ni. Kò sí ìdè kankan ńbẹ̀. Ohun tó ń wí ni pé ẹni tó pe àwọn yòókù síṣẹ́ kò gbọdọ̀ ti ilé títí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á fi parí. Á dúró ni. Ó yà mí lẹ́nu pé mo ti ka ojú ewé náà tó bẹ́ẹ̀ láì rí i, èmi tí mo dàgbà nílé Ìyá.

Lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́, Ìyá gbé ọ̀pá ìdábùú ilẹ̀kùn lọ́wọ́, ó ń béèrè gẹ́gẹ́ bó ti ń béèrè láti ìgbà tí a wà ní kékeré:

"Ó ku ta?"

"Mo ti wọlé," ni Bàbá wí.

"Èmi náà ti wọlé, Ìyá."

Ó ṣì dúró. Bí ẹnì kan kò bá sọ èyí tó kẹ́yìn, kò ní í kúrò níbẹ̀.

"Ó ku Oyèníran," ni mo wí.

Ó gbé ọ̀pá náà ti ògiri, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì, ó sì tẹ́ ẹní rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo wọlé lọ pa "so pọ̀" rẹ́ nínú ìwé Ọ̀gá, mo kọ "dúró dè é".

Ìṣẹ́gun, 16 Júùnù

Wọ́n ti ń tú àwọn kan sílẹ̀. Ìyá kò jẹ́ kí rédíò ó sinmi láti òwúrọ̀. Kò sí orúkọ tiwa.

Àlàmísì, 18 Júùnù

Mo ti yọ gbogbo pípa kúrò nínú ètò náà. Àmì kan ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá tẹ "Jáde", àmì á gòkè. Òwú kọ̀ọ̀kan á máa wò ó bó bá ti parí káàdì kan, bó bá sì rí i, á dá kọ́kọ́rọ́ padà, á jáde fúnra rẹ̀. Ètò á dúró de gbogbo wọn kó tó kú.

Mátíróònù fẹ́ kí gbogbo ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀rọ jẹ́ Yorùbá nítorí àwọn tó ń bá a kọ káàdì. Nítorí náà, bí a bá ṣe ń dúró, ojú ẹ̀rọ á máa fi iye tó kù hàn: O KU 3, O KU 2, títí á fi tán. Ẹ̀rọ wa kò mọ àmì ohùn kọ. Ó dùn mọ́ mi nínú bí mo ṣe rò ó. Ọ̀rọ̀ Ìyá ni mo yá lò.

Nígbà tí mo ń jẹun, Ìyá bi mí léèrè iṣẹ́ mi. Mo ní òwú ni mò ń bá fà á. "Òwú wo ló wà nínú kọ̀ǹpútà? Kò sì rán ẹyọ pátá kan rí," ló wí. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìṣẹ́gun, 23 Júùnù

Ọjọ́ burúkú. Mo gbé ètò tuntun lọ sí Ìgándò láàárọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, gbogbo wọn ń yìn mí. Lọ́sàn-án iná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, nọ́ọ̀sì sì tẹ "Jáde" kí NẸ́PÀ tó mú un.

O KU 3. O KU 2. O KU 1. Ó sì dúró síbẹ̀.

Mo ṣì ń wò ó nígbà tí ọkùnrin kan tó wà níwájú káńtà figbe ta. Ọláfimíhàn ni wọ́n ń pè é, bírikìlà ni. Ìyàwó rẹ̀ Títí wà nínú yàrá ìrọbí, ìbejì ni wọ́n sì sọ fún wọn pé ó wà nínú rẹ̀.

"Ọ̀kan ti kú! Yéè, ọ̀kan ti kú nínú wọn!"

Ó ṣubú lulẹ̀ níbẹ̀. Àwọn aláboyún tó jókòó bú sẹ́kún, ẹnì kan sáré jáde. Mátíróònù yọ látinú yàrá ìrọbí pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. "Kò sẹ́ni tó kú níbí o! Ta ló wí bẹ́ẹ̀? Ìyàwó ẹ ò tíì bí rárá!" Ọláfimíhàn kò gbọ́. Ó ń nawọ́ sí ojú ẹ̀rọ. Mo kúnlẹ̀ tì í.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ku ni. Kì í ṣe ó kú. Ó ku ọ̀kan tí kò tíì dé ni."

"Ọ̀kan wo ni kò tíì dé?"

Ó di ọwọ́ mi mú pinpin, kò fi sílẹ̀ títí tí a fi gbọ́ igbe ọmọ, tí a sì tún gbọ́ èkejì. Ó wá fi mí sílẹ̀, ó sáré wọlé. Obìnrin kan, ọkùnrin kan, ara àwọn méjèèjì le. Mátíróònù kò dúpẹ́, kò sì bú mi. Ó kàn ní, "Ìdíátù, bá mi wá ọ̀rọ̀ mìíràn."

Nínú ọkọ̀ tó gbé mi bọ̀ ni mo ti ń pe méjèèjì lẹ́nu, ó ku, ó kú, títí obìnrin tó jókòó tì mí fi ní kí n pẹ̀lẹ́. Ìgbà tí Ìyá béèrè nírọ̀lẹ́, ẹnu mi kò ṣí. Bàbá ló dá a lóhùn.

Àlàmísì, 25 Júùnù

Ẹ̀kẹta ni kò jáde lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èyí tó ń tẹ ìwé. Kò ní káàdì tó máa tẹ̀, ó ń sùn, ó ń dúró kí iṣẹ́ dé. Ẹni tó ń sùn kò lè rí àmì. A ní láti kọ́kọ́ jí i. Báyìí, bí àmì bá ti gòkè, mo máa ń fi káàdì òfìfo kan ránṣẹ́ sí i. Á jí, á rí i pé ó ti tán, á sì máa bọ̀ nílé.

Ọ̀gá ka ohun tí mo kọ. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n fi gbèdéke sí ìdúró yìí. O ò lè dúró láìlópin."

"Bí àsìkò bá pé ńkọ́, tí kò sì dé?"

"Kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò dé, kí o sì ti ilẹ̀kùn. Ayé ò lè dúró torí ẹyọ òwú kan."

"A kò mọ ohun tó ń ṣe é níbi tó wà, Ọ̀gá."

Ohùn mi ti lọ sókè ju bó ti yẹ lọ. Ọ̀gá mọ̀ nípa ilé wa. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní kí n má bínú. Ibi tí èèyàn ti ń kọ gbèdéke, mo kọ àìlópin síbẹ̀. Mo mọ̀ pé òun ló tọ̀nà.

Ìṣẹ́gun, 30 Júùnù

Kẹrosíìnì kò sí ní Ẹ̀gbẹ́dá, kò sí ní Ìdímù. Igi la fi dáná. Omi ń jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn.

Àìkú, 5 Júláì

Bàbá pe Ìyá jókòó. Ó ní òun ti bá Lèmọ́mù sọ̀rọ̀, wọ́n lè kírun sí òkú tí kò sí nílé, kí ọkàn gbogbo wa lè balẹ̀. Kò pariwo.

Ìyá ní, "Ta ló sọ fún yín pé ó kú?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

"Kí ẹnì kan kọ́kọ́ wá sọ ọ́ lójú mi."

Ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Àpò ìrọ̀rí ló ń rán, ó sì rán ọ̀kan dí lẹ́nu, tí kò mọ̀.

Ìṣẹ́gun, 7 Júláì

Ẹni tí gbogbo ìlú ń retí kí wọ́n tú sílẹ̀ kú lónìí, nínú àtìmọ́lé náà. Ìyá ló pa rédíò fúnra rẹ̀.

Ọjọ́rú, 8 Júláì

Wọ́n ń sun táyà ní Ìkọ̀tún, èéfín dé ọ̀dọ̀ wa. Ìró ìbọn wá láti ọ̀nà Ìyànà-Ìpájà. Kò sẹ́ni tó jáde ládùúgbò. Nírọ̀lẹ́ Bàbá bẹ Ìyá pé, lónìí nìkan ṣoṣo, kó fi ọ̀pá dábùú ilẹ̀kùn.

"Bó bá jẹ́ òní ló sá wá ńkọ́?" ni Ìyá wí.

Bàbá gbé àga rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó fi àdá sórí itan, ó jókòó síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ìyàwó rẹ̀. Mo sunkún nínú yàrá mi nítorí àwọn méjèèjì.

Ọjọ́ Ajé, 13 Júláì

Mo rí nǹkan kan lónìí tí n kò lè sọ nílé. Bí òwú kan bá ti parí iṣẹ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì dúró dè é, ẹ̀rọ kì í pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Á ṣì wà láàárín àwọn alààyè, á máa gba àyè, bẹ́ẹ̀ ó ti lọ tipẹ́. Ọjọ́ tí ẹni tó rán an níṣẹ́ bá wá béèrè rẹ̀ ni ẹ̀rọ á dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé ó ti parí, á sì jíṣẹ́ tó fi sílẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n tó lè fi í sílẹ̀ kó máa lọ.

N kò mọ̀ bóyá kí n máa gbàdúrà pé kí ìdáhùn dé, tàbí kó má dé.

Àlàmísì, 16 Júláì

Ìgándò. A tẹ "Jáde" lọ́pọ̀ ìgbà, kò há rárá, káàdì kankan kò sọnù. Mo ti yọ O KU kúrò. Ohun tó ń jáde báyìí ni "E duro", lẹ́yìn náà "Gbogbo won ti wole". Mátíróònù fún mi ní búrẹ́dì ńlá kan. Ọláfimíhàn gbé àwọn ìbejì wá gba abẹ́rẹ́, ó rí mi, ó sì dojú kọ ẹ̀rọ: "Ẹ̀rọ yìí, o fẹ́ pa mí o!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ara mi yá títí mo fi délé.

Àbámẹ́ta, 18 Júláì

Ọ̀sán ni, oòrùn ràn díẹ̀. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, síbẹ̀ ọkùnrin kan dúró síta, kò wọlé. Ó rù, irun rẹ̀ ti funfun, bẹ́ẹ̀ kò lè ju Oyèníran lọ lọ́jọ́ orí.

"Ẹ káàsán mà. Ṣé ilé Ìyá Oyèníran nìyí? Ó ní ilẹ̀kùn yín kì í tì."

Ìyá dìde. Òwú tó wà lẹ́nu rẹ̀ já bọ́. "Wọlé, ọmọ mi."

Ó dọ̀bálẹ̀. Sàlàkọ́ lorúkọ rẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé kan náà ni òun àti ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ kan náà ni wọ́n kó wọn sí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n tú òun sílẹ̀. Bàbá ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Ó wá ku òun lẹ́yìn, àbí?" ni Ìyá bi í. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń wo ojú ọkùnrin náà. "Wọ́n ṣì máa tú u. Ó ku òun."

Sàlàkọ́ kò gbé orí sókè.

"Ó kú, Màmá."

Ó ní àárín ọyẹ́ ni, ní 1994, ikọ́ ló ṣe é, kò sì sí oògùn. Orí itan òun ló kú sí. Ó wá bọ́ nǹkan kan kúrò lọ́rùn. Kọ́kọ́rọ́ ni, lára òwú dúdú tí Ìyá fi ń rán ṣòkòtò.

"Wọ́n gba aago lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba bàtà. Wọn ò gba èyí. Wọ́n ní kí ló fẹ́ fi ṣí níbẹ̀."

Ìyá gbà á. Ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka ra òwú náà.

"Kí ló ní kó o sọ fún mi?"

"Ó ní kí ẹ má bínú pé òun mú kọ́kọ́rọ́ dání. Ó ní òjò máa ń kán lókè bẹ́ẹ̀dì òun, òun fẹ́ tún un ṣe lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Ó ní kí ẹ wo páànù náà."

Ìgbà náà ni Ìyá ké. N kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí, n kò sì fẹ́ gbọ́ ọ mọ́ láyé mi. Àwọn ará ilé kejì sáré wọlé. Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ẹsẹ̀ Ìyá mú.

Nígbà tó ṣe, Ìyá dìde, ó ní òun á ṣí yàrá. Àgádágodo ti dípẹtà, kọ́kọ́rọ́ kò yí. Bàbá ní kí òun mú òòlù wá, Ìyá kọ̀. Ó gbé ìgò òróró ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó kán an sí i, ó dúró, ó tún kán an. Ó gbìyànjú títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ó wá yí.

Bẹ́ẹ̀dì ti jẹrà, ìwé ara ògiri ti jábọ́. Bàtà rẹ̀ kan wà nídìí fèrèsé. Bàbá gbé abọ́ wọlé, ó gbé e síbi tí omi ń kán sí.

Àìkú, 19 Júláì

Lèmọ́mù kírun sí i láàárọ̀. Èèyàn pọ̀. Ọ̀gá Zacchaeus wá, ó jókòó lẹ́yìn, kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ sí. Sàlàkọ́ gun òrùlé lọ́sàn-án pẹ̀lú páànù tuntun, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun ṣe é.

Lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́, gbogbo èèyàn ti lọ. Ìyá dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé ọ̀pá ìdábùú. Mo rò pé kò ní í béèrè.

"Ó ku ta?"

"Mo ti wọlé," ni Bàbá wí.

"Mo ti wọlé, Ìyá."

Ó dúró. Ó ń wo títì. Bàbá bojú. Mo mọ̀ pé èmi ni mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

"Kò ku ẹnì kankan, Ìyá."

Ó tún dúró díẹ̀. Ó wá ti ilẹ̀kùn, ó sì fi ọ̀pá dábùú rẹ̀.